Ta Ni Mọ́tò Oníná Yóò Kọ́kọ́ Gbè ní Ifákọ̀?

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ tó gorí àlééfà gan-an pé ìjọba kò ní san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, ọ̀rọ̀ epo ti di ohun tí tọkọtaya ń jíròrò kí wọ́n tó sùn. Kí ọjọ́ náà tó dé, lítà bẹntiróò kan kò tó ₦200 l'Ékòó. Kí oṣù keje ọdún yẹn tó parí, ó ti lé ní ₦600. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó kù díẹ̀ kó wọ ₦1,000. Lóòótọ́, ilé ìfọpo Dangote ti ń fọ bẹntiróò tà ní Ibẹ̀jú-Lékkí láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, owó epo sì ti ń gòkè, ó ń sọ̀ láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n n kò tíì pàdé ẹnì kan tó ń retí pé ₦200 yóò padà wá.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi ń jà ràn-ìn láàrin àwọn onímọ́tò ládùúgbò wa ní Ifákọ̀: ṣé kí á ta mọ́tò tó ti gbó yìí, kí á wá owó kún un, kí á ra èyí tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná? Àwọn kan ní mọ̀lẹ́bí ní London tàbí Houston tó ń wà á, tó sì ń sọ fún wọn lórí fóònù pé òun ti gbàgbé ọ̀nà ilé epo. Èmi náà gbà pé mọ́tò oníná yóò dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì ń fẹ́ kó tètè dé. Ìbéèrè tó jẹ mí lógún ni ti ẹni tí yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ẹni tó ń gbé mọ́tò rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó ń páàkì rẹ̀ sínú oòrùn títí dìrọ̀lẹ́. Awakọ̀ tó ń fi mọ́tò jẹun láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú ni. Ìṣirò ló gbé mi débẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣe é.

Ifákọ̀ tí mo ń wí kì í ṣe Ifákọ̀-Ìjàyè tó wà lápá Agége o. Ti Gbàgádà ni, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Kósọ́fẹ́, tó fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú Ṣóluyì. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ibì kan náà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ń kọjú sí: ká bọ́ sí Ọwórónṣòkí, ká gun afárá Third Mainland tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 12, ká sọ̀ sí Erékùṣù Èkó. Corolla, Camry àti Sienna ló kún òpópónà wa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sin ẹlòmíràn l'Ámẹ́ríkà fún bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó wọlé bíi tòkúnbọ̀, wọ́n sì ti sin àwa náà fún bí ọdún mẹ́wàá mìíràn. Mọ́tò gidi ni wọ́n, n kò ní pẹ̀gàn wọn. Àmọ́ ogún ọdún kì í ṣe eré fún irin.

Ẹ dúró ti mẹkáníìkì kan láàárọ̀ Sátidé kí ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀. Á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, á fi àkísà nù ún, á tún kì í bọ̀ ọ́, á wá gbé e sókè sí ojú yín. Ọ́ìlì ti dúdú bí ẹ̀dú, kò sì dé ojú àmì. Á ní ẹ́ńjìnnì ti ń mu ọ́ìlì. Á tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á tò wọ́n sórí páálí, á máa fi èékánná ha ẹnu wọn. Lẹ́yìn náà á ní kí ẹ bá òun ṣáná sí i, kí ẹ tẹ̀ ẹ́, á sì lọ bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò kó lè wo èéfín. Bí èéfín náà bá funfun tó sì nípọn, omi rédíétọ̀ ló ń wọnú ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó nìyẹn. Bó bá rí bí aró, ọ́ìlì ló ń jóná níbẹ̀. Bó bá dúdú, epo yín ló ń ṣòfò. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti mọ orúkọ ohun tí wọ́n máa ní kó sáré lọ rà ní ọjà Ládípọ̀ kí ọ̀gá tó lanu.

Ọ̀pọ̀ jù nínú ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí ni kò sí lára mọ́tò oníná. Kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò ní sàlẹ́ńsà, bẹ́ẹ̀ ni kò ní pọ́ńpù epo tó máa bàjẹ́ lórí afárá. Bátìrì ńlá kan ló wà lábẹ́ ìjókòó, tó ń gbé agbára fún ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní mọ́tọ̀, tó ń yí táyà. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróò ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹ̀yà tó ń lọ sókè sódò tí wọ́n sì ń ha ara wọn. Mọ́tọ̀ iná kò ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Táyà, bùréèkì, ṣọ́ọ̀kì àti AC ṣì wà, kòtò ojú ọ̀nà wa yóò sì máa bá ṣọ́ọ̀kì ṣe tirẹ̀ bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Bùréèkì pàápàá máa ń pẹ́ kó tó jẹ, nítorí bí awakọ̀ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, mọ́tọ̀ náà ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, tó sì ń dá díẹ̀ nínú agbára náà padà sínú bátìrì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá kan àwa ará Èkó gbọ̀ngbọ̀n ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí ẹ tan AC sí, tó dúró sójú kan ní Ọwórónṣòkí fún wákàtí kan, lè jó tó lítà epo kan láìrìn. Mọ́tò oníná tó bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, AC nìkan ló ń jẹun nínú rẹ̀, ìyẹn sì lè má ju yúnítì iná kan lọ, yúnítì kan náà tí à ń rà sí mítà ilé. Ojú ọ̀nà tó dán, tí mọ́tò ti ń sáré gan-an, ni iná rẹ̀ ti ń yára lọ. Níbi tí ọkọ̀ ti ń fà díẹ̀díẹ̀, tó ń dúró, tó tún ń gbéra, ibẹ̀ ló ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni tó bá sọ pé Èkó kọ́ ni wọ́n ṣe mọ́tò oníná fún, kò tíì ro ti ìrìn wa dénú.

Ó yá, ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká fi lítà kan sí ₦900. Láti Ifákọ̀ lọ sí Márínà àti àbọ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 30. Corolla tó ti dàgbà, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, lè jó lítà 11 láàrin kìlómítà 100, èyí túmọ̀ sí lítà mẹ́ta àti díẹ̀ lóòjọ́, tó ń lọ sí ₦3,000. Mọ́tò oníná tó mọ níwọ̀n ń jẹ yúnítì iná bíi 18 láàrin kìlómítà 100, tí a bá ka èyí tó ń ṣòfò nígbà tí à ń ṣáàjì rẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn jẹ́ yúnítì márùn-ún àti díẹ̀ lóòjọ́. Bí yúnítì kan bá jẹ́ ₦210, kò ju ₦1,150 lọ. Ẹ̀ẹ́ rí i pé iná fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún dín owó ìrìn kù. Ẹni tó bá gbọ́ ibí yìí tó sì dúró, á sáré lọ ta mọ́tò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 250 ló wà lọ́dún. Owó tí ẹ máa rí fi pa mọ́ lórí epo kò ní pé ₦500,000. Ká fi owó ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì àti ọwọ́ mẹkáníìkì kún un, ká sọ ọ́ di ₦700,000. Bí mọ́tò oníná bá fi ₦15 mílíọ̀nù wọ́n ju iye tí ẹ ta ti àtijọ́ lọ, ọdún mọ́kànlélógún ni yóò gbà kí owó náà tó padà sápò yín. Bóyá ni bátìrì náà yóò dúró dè yín títí dìgbà yẹn.

N kò sì ṣe àsọdùn lórí ₦15 mílíọ̀nù. Ní ìparí ọdún 2020, nígbà tí ilé iṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona oníná jáde, tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú wà á wò, ₦24 mílíọ̀nù ni wọ́n pè é. Wọ́n ní ó lè rin kìlómítà 482 lórí ìṣáàjì kan. Ilé iṣẹ́ VON ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ni wọ́n ti ń tò ó nígbà náà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen Ìjàpá lọ́dún 1975. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ọ, nítorí àwọn àgbà tó fi Ìjàpá kọ́ mọ́tò wíwà ṣì pọ̀ ládùúgbò wa. Àmọ́ dọ́là kan kò tíì tó ₦500 nígbà náà. Lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là fò fẹ̀rẹ̀, ó kọjá ₦1,500 lọ́dún 2024. Ẹni tí ₦24 mílíọ̀nù bá ń bà lẹ́rù lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún kò tún gbọdọ̀ béèrè iye tó jẹ́ báyìí. Ìjọba àpapọ̀ yọ mọ́tò oníná kúrò lára ohun tí wọ́n ń gba VAT lé ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, mo sì yìn wọ́n fún un, ṣùgbọ́n ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT. Kò lè tán ìṣòro tí náírà dá sílẹ̀.

Ẹ wá fi ìṣirò kan náà wo awakọ̀ tó ń gbérò láti Gbàgádà lọ sí Ìkẹjà, láti Ìkẹjà lọ sí Lékkí, tó ń rin kìlómítà 150 lóòjọ́. Lítà 16 àtààbọ̀ ni yóò rà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦15,000. Bó bá jẹ́ iná ni, yúnítì 27 ni, kò tó ₦6,000. Ó lé ní ₦9,000 tó kù sọ́wọ́ rẹ̀ lóòjọ́. Bó bá fi ọjọ́ 300 ṣiṣẹ́ lọ́dún, ó ti ń lọ sí ₦2.8 mílíọ̀nù, láìtíì ka owó ọ́ìlì tó yẹ kó máa pa dà ní gbogbo kìlómítà 5,000. Ọdún márùn-ún àti díẹ̀ ni yóò fi san ₦15 mílíọ̀nù tó lé náà. Mọ́tò kan náà, iná kan náà, àdúgbò kan náà ni o. Iye kìlómítà tó ń rìn nìkan ló yàtọ̀.

Èyí ni mo rò pé a kì í sọ tó nígbà tí ọ̀rọ̀ mọ́tò oníná bá délẹ̀. Olówó la máa ń fojú inú rí tó jókòó sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ awakọ̀ tó ń jó epo jù ló nílò rẹ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ wá ku iná. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná gbé owó yúnítì àwọn tó wà ní Band A láti ₦68 lọ sí ₦225. Ó tún sọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, títí ó fi dúró sí nǹkan bí ₦209. Àdéhùn tó wà nídìí rẹ̀ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ rí iná fún wákàtí 20 lóòjọ́. Band B ń retí wákàtí 16, C ń retí 12, D ń retí 8, E sì ń retí 4. Lábẹ́ Ikeja Electric ni a wà níhìn-ín, òpópónà méjì tó kọjú síra sì lè má sí ní Band kan náà, ó kù sọ́wọ́ okùn iná tí wọ́n fà wọ́n mọ́. Ìyàtọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin onílé àti ayálégbé. Ó lè wá di ohun tí yóò máa sọ ẹni tó lè ra mọ́tò oníná àti ẹni tí kò lè rà á.

Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé iná wa kò dúró. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2024 nìkan, ẹ̀rọ iná ilẹ̀ wa dákú lọ́pọ̀ ìgbà tí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ṣókùnkùn. Àmọ́ mọ́tò kò nílò iná ní gbogbo ìgbà bíi fìríìjì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán, tó bá mọ́ tí wáyà rẹ̀ sì nípọn, lè fi bíi yúnítì 18 sínú bátìrì láàrin wákàtí mẹ́jọ. Kìlómítà 100 nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sí Márínà nìkan á fi oúnjẹ alẹ́ kan rin ọjọ́ mẹ́ta. Bí iná bá wá lálẹ́ ní ọ̀nà tó dúró, ó tó. Wàhálà ẹni tó wà ní Band D ni pé ọ̀sán gangan ni wákàtí mẹ́jọ tirẹ̀ lè bọ́ sí, nígbà tí mọ́tò wà ní Márínà. Wọ́n á mú iná kí ó tó tibi iṣẹ́ dé.

Ẹnì kan lè ní òun á tan jẹnẹrétọ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í sábà rí tó yúnítì méjì fà jáde nínú lítà epo kan. Yúnítì 18 tí mọ́tò nílò láti rin kìlómítà 100 yóò jẹ ju lítà mẹ́sàn-án lọ, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí Corolla àtijọ́ ń jó. Èéfín tí ẹ ń sá fún lójú títì, ẹ ti gbé e wá sábẹ́ fèrèsé ibi tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Ti sólà dára jù bẹ́ẹ̀ lọ fáwọn tí mọ́tò wọn ń wà nílé lọ́sàn-án, nítorí pánẹ́ẹ̀lì sólà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lágbára lè mú yúnítì márùn-ún jáde lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Lọ́dún 2021, NADDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ mọ́tò, tiẹ̀ ṣí ibùdó ìṣáàjì tó ń lo sólà ní yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó, kí wọ́n lè fi han aráyé pé ó ṣeé ṣe.

Ibi tí mọ́tò ń sùn náà ṣe pàtàkì. Ní ọ̀pọ̀ ilé alájà méjì ní Ifákọ̀, mọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń dì mọ́ra nínú ọgbà, àwọn tó kù wà níta. Mítà mẹ́fà tò sára ògiri lẹ́nu ọ̀nà, wáyà ẹni tó wà lókè ń gba ojú fèrèsé ẹni tó wà nísàlẹ̀ kọjá. Ta ni yóò jẹ́ kí ẹ fa ẹ́sítẹ́ńṣọ̀n láti bákónì òkè wá sójú títì, kí òjò máa rọ̀ sórí rẹ̀ mọ́jú? Bí mọ́tò mẹ́wàá lórí òpópónà kan bá sì ń fa iná pọ̀ lálẹ́, tiransifọ́mà tí aráàdúgbò dáwó tún ṣe lọ́dún tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ pariwo. Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ onílé ni mọ́tò oníná o. Kí ẹnikẹ́ni tó ra tirẹ̀, ó yẹ kí àdúgbò ti jọ jókòó lórí wáyà àti tiransifọ́mà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa tòkúnbọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa yóò gbà wọlé. Nissan Leaf ni yóò máa wu èèyàn, torí ó ti wà lọ́jà láti ìparí ọdún 2010, ó sì ti pọ̀ lókè òkun. Àwọn Leaf àtijọ́ kò ní ohun tó ń fi omi tu bátìrì wọn lára, ooru sì ni ọ̀tá bátìrì. Ní ìpínlẹ̀ Arizona l'Ámẹ́ríkà, níbi tí oòrùn ti ń mú janjan, àwọn tó ni Leaf ti ń ké gbàjarè láti ọdún 2012 pé bátìrì àwọn ń tètè joro. Bí ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kan, ẹ jókòó sínú rẹ̀, ẹ tan án, kí ẹ wo apá ọ̀tún dáṣìbọ́ọ̀dù. Ìlà kéékèèké méjìlá ló yẹ kó wà létí òdìwọ̀n bátìrì. Bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti kú níbẹ̀, bátìrì náà ti rẹ̀, bó ti wù kí bọ́dì mọ́tò máa dán tó. Ẹ tún wo ẹnu tí wọ́n fi ń ṣáàjì rẹ̀. Ti Japan, ti Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀ Yúróòpù àti ti Ṣáínà kò bára mu, ẹni tó bá ra èyí tí kò sí okùn rẹ̀ nítòsí ti ra ìjókòó.

Àwọn mẹkáníìkì àti rewáyà wa ńkọ́? Èyí máa ń dùn mí nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n á kàn pòórá. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tó nípọn tí ẹ máa rí lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò oníná gbé iná tó lè tó fóltì 400. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án bó ṣe ń fọwọ́ kan bátìrì fóltì 12 lè má dìde mọ́. Rewáyà tó ti fi ogún ọdún wá ibi tí iná ti ń jò nínú mọ́tò àwọn èèyàn, tó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, òun gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́ níṣẹ́ yìí kí wọ́n tó kó mọ́tò wá. Ó tún yẹ kí àwa tó wà ní Kósọ́fẹ́ ronú nípa omi. Bí wọ́n bá ṣí ìdídò Ọ̀yán, tí odò Ògùn kún, Agbóyì-Kétu àti Owódé Onírin ló ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n di bátìrì mọ́tò oníná pa dáadáa, kò ní kú nítorí òjò. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá sùn sínú àkúnya omi iyọ̀ lè gbiná lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó ṣẹlẹ̀ ní Florida lẹ́yìn ìjì Ian lọ́dún 2022.

Bí mo bá wá ń wá ibi tí wọ́n ti gba ọ̀nà tó tọ́, n kì í wo London. Kútọnu ni mo ń wò. Láti ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní M Auto nígbà náà, tó ti di Spiro báyìí, ti ń kó ọ̀kadà oníná fún àwọn oní-zémíjàn ní Benin àti Togo. Ọlọ́kadà náà kì í jókòó ti ṣáàjì rárá. Bí iná bá ti ń tán, á yà síbùdó, á fa bátìrì tó ti rẹ̀ yọ, á gbé èyí tó kún sí i, á sanwó, á máa lọ. Ilé iṣẹ́ ló ni wàhálà wíwá iná àti títọ́jú bátìrì, kì í ṣe ọlọ́kadà. Ìṣòro méjì tó le jù nínú ọ̀rọ̀ wa, iná ilé àti owó bátìrì, ni wọ́n gbé kúrò lọ́rùn ẹni tí kò lówó. Àwọn ọmọ ìyá wa ní Kútọnu kò ju wákàtí díẹ̀ sí wa lọ, ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é.

A kò lè dà á kọ bó ṣe rí, nítorí láti ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Kósọ́fẹ́, pẹ̀lú Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Muṣin. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì kékeré tí à ń pè ní kòròpé wà, kẹ̀kẹ́ Márúwá sì wà lójú pópó kéékèèké. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, ìjọba Sanwó-Olú kó bọ́ọ̀sì kékeré 500 jáde láti máa gbé èrò láti inú àdúgbò wá sójú títì ńlá. Irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ni Mustapha Gajibo, ọmọkùnrin kan ní Màídúgùrí, yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróò kúrò nínú rẹ̀ lọ́dún 2021, tó sì fi mọ́tọ̀ iná àti bátìrì rọ́pò. Ọkọ̀ tó ti gbó kò di irin Owódé Onírin, ó tún padà sójú títì. Bí ọmọ Màídúgùrí bá ṣe é láàrin ìṣòro tí wọ́n ń bá yí níbẹ̀, kí ló ń dá wa dúró l'Ékòó?

Èkó náà ti gbìyànjú. Ọdún 2023 ni LAMATA, àjọ ìrìnnà Èkó, àti Oando Clean Energy gbé bọ́ọ̀sì Yutong oníná méjì láti Ṣáínà jáde fún ìdánwò. Ọdún náà ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line tó ń lo iná bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin Márínà àti Mile 2. Mo fẹ́ràn Blue Line, ṣùgbọ́n kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bọ́ọ̀sì ńlá tó ń gba ọ̀nà Ìkòròdú, láti Mile 12 kọjá ní Kétu àti Ọ̀jọ́ta, ti ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ láti ọdún 2008. Ó ní ibùdó tó ń sùn sí, ó sì mọ iye kìlómítà tó ń rìn lóòjọ́. Kò sí ọkọ̀ tó rọrùn láti ṣètò iná fún bíi tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ń polówó gáàsì CNG fún àwọn ọlọ́kọ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti dín owó epo kù fún ọ̀pọ̀ awakọ̀, ṣùgbọ́n ìlà tó ń gùn níwájú àwọn ibùdó gáàsì ń jẹ àkókò tó yẹ kí wọ́n fi gbérò.

Ohun mìíràn wà tí ìṣirò náírà kò gbé jáde. Banki Àgbáyé ṣe ìwádìí kan tó sọ pé afẹ́fẹ́ tó dọ̀tí pa nǹkan bí èèyàn 11,200 l'Ékòó lọ́dún 2018, àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀ wà lára ohun tó fà á. Ẹni tó bá ti dúró ní ibùdó ọkọ̀ ní Gbàgádà ní agogo méje àárọ̀, tí dánfó mẹ́rin ń tẹ epo pọ̀ lójú kan, mọ bí òórùn náà ṣe ń mú ọ̀fun. Àwọn ọmọ iléèwé wa wà níbẹ̀, ní déédéé ibi tí sàlẹ́ńsà ń fẹ́ sí. Corolla kan tí mo bá pa tì kò ní yí èyí padà. Dánfó àti kòròpé tó ń kọjá níbẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ lè yí i padà.

Ethiopia fòfin de kíkó mọ́tò epo wọlé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Wọ́n ní iná láti inú odò tó pọ̀, wọn kò sì ní epo tiwọn. Ipò tiwa yàtọ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú òfin bẹ́ẹ̀ mú àwọn tó ń fi tòkúnbọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́. Ohun tí mo ń bèèrè lọ́wọ́ ìjọba Èkó ní Aláùsá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti oṣù kejìlá ọdún 2024 ni òfin iná ìpínlẹ̀ Èkó ti wà, tó fún ìpínlẹ̀ náà lágbára láti máa ṣètò ọ̀rọ̀ iná rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n fi agbára náà fún ibùdó ọkọ̀ ní okùn iná tí kì í kú lálẹ́, kí wọ́n sì ṣe owó yúnítì ààjìn fún awakọ̀ ní èyí tó dín. Kí wọ́n yá awakọ̀ lówó lórí bátìrì bí wọ́n ṣe ń yá wọn lórí ọkọ̀.

Ní ti ẹni tó ní mọ́tò àtijọ́ tó ń bi mí léèrè, tó ń rin kìlómítà 30 lóòjọ́, èsì mi ni pé kó tún gásíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe, kó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì àti fítà afẹ́fẹ́ lákòókò, kó sì máa wà á lọ. Owó tí ì bá kó lé mọ́tò oníná, kó fi ra sólà sílé, kó lè pa jẹnẹrétọ̀ tì. Bó bá jẹ́ awakọ̀ ni, tó ń gbérò láti ìdájí, tó ń sùn sí Band A, tó sì ní ọgbà tó ń gbé mọ́tò sí, kó jókòó pẹ̀lú ìwé àti bírò lónìí. Bí ìjọba bá sì ń wá ibi tí wọ́n máa ti bẹ̀rẹ̀ ní Kósọ́fẹ́, kí wọ́n wá sí Níù Gárééjì ní Gbàgádà, kí wọ́n mú kòròpé ogún tó ń ṣe Ifákọ̀ àti Pẹ́dírò, kí wọ́n fún wọn ní ibùdó bátìrì kan tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, kí wọ́n sì tẹ iye owó tó ń wọlé fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan sára pátákó lóṣooṣù, níbi tí àwọn ọlọ́kọ̀ yòókù ti lè kà á.